Ọdún Tí Wọ́n Ní Kí A Ta Ayò Láìsọ̀rọ̀

Ẹnu ni mo fi ń ta ayò. Ọwọ́ kàn ń bá ẹnu ṣiṣẹ́ ni. Bàbá tó bí mi ní Èkìtì ló kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni òun náà sì ṣe ń ta tirẹ̀: bó bá ti kó ọmọ ayò sọ́wọ́ báyìí, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, á ní ọwọ́ onítọ̀hún ń gbọ̀n bí ọwọ́ ọkọ ìyàwó, á ní ojú rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà ilé. Onítọ̀hún náà á dá a padà fún un. Kò sí ìjà níbẹ̀. Lójú tiwa, ayò tí a kò bú ara wa nídìí rẹ̀, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Jos láti wá ṣe tíṣà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọpọ́n ayò wà nínú ẹrù mi, mo fi aṣọ òtútù wé e. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ní kí n yọ ọ́ kí n fi ìkòkò sí àyè rẹ̀. Mo ní ṣé wọn kì í ta ìkòkò ní Jos ni? Hwolshe la gbé. Lọ́jọ́ Sátidé, àwa Yorùbá àdúgbò, tíṣà, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, a máa ń pàdé ní bàráńdà bàbá kan, ará Iléṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Òun ni ọ̀gá wa nídìí ayò. Èmi ni mo tẹ̀ lé e, ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn, kó gbé ọpọ́n tirẹ̀ wá.

Òfin kan wà ní bàráńdà yẹn. Ẹni tí wọ́n bá jẹ kò gbọdọ̀ dìde lórí àpótí títí ẹni tó jẹ ẹ́ á fi bú u. Èébú yẹn ni òpin ayò. Bó bá dùn létí, a ó máa tún un sọ, a ó máa fi rẹ́rìn-ín títí di Sátidé tó ń bọ̀.

Jos ni mo bí àkọ́bí mi ọkùnrin sí. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé lójoojúmọ́, òun àti àwọn ọmọ àdúgbò á ti fi Hausa sọ gbogbo ohun tí wọ́n ní sọ. Ó gbọ́ Yorùbá, kò sí ohun tí a sọ tí kò yé e. Ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ á há, á wá Hausa fi dí àlàfo. Àwọn ará bàráńdà á sì bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò ní in lọ́kàn láti bà á nínú jẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ọmọ ń dákẹ́ sí i.

Èmi ni mo kọ́ ọ láyò, ní ìdí ààrò, nígbà tí ẹ̀wà bá wà lórí iná. Èmi á máa bú u, òun á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ á wà lórí ọpọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Farin Gada tún kọ́ ọ ní dara, eré àwọn Hausa tí wọ́n máa ń gbẹ́ ihò rẹ̀ sínú yanrìn, ó sì kó sùúrù ibẹ̀ wá sídìí ayò. Nígbà tó fi máa dàgbà, tó di akọ̀wé ní iléeṣẹ́ kùsà kan ní Bukuru, ó ti ń jẹ mí ní àjẹtúnjẹ. Inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ní bàráńdà, wọn ò fún un láyè. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó síwájú bàbá ará Iléṣà, bàbá gbé ọwọ́ bo ọpọ́n.

"Ọmọ Jos, ṣé o lè bú èèyàn ní Yorùbá?"

"Bàbá, mo... mo lè ta á."

"Mo mọ̀ pé o lè ta á. Mo ní bó o bá jẹ mí, kí lo máa fi bú mi? Hausa?"

Ẹ̀rín sọ. Ọmọ mi rọra dìde. Mo ní, "Bàbá, ọmọ yìí á jẹ yín lọ́jọ́ kan, ẹ ò sì ní mọ ọ̀nà ilé mọ́." Ó ní, "Tíṣà, ìwọ la mọ̀, ẹnu tìẹ là ń gbọ́. Òun ò tíì di ara wa." Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ọmọ tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé, ẹnì kan ní kò tíì di ara wa! Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn mi ni ọmọ náà máa ń dúró sí bí a bá ń ta ayò, kò sì tọrọ àyè mọ́. Kò sọ pé ó dun òun. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni mí, mo mọ ohun tó ń fẹ́. Ó ń fẹ́ kí bàbá yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ pe òun ní ọ̀ta, orúkọ tí a máa ń pe ẹni tó bá mọ ayò ta dáadáa. Èmi náà sì ń fẹ́ ẹ jù ú lọ.

Ìpàdé ńlá kan wà tí àwa tí a fẹ́ràn eré orí tábìlì máa ń ṣe nígbà ìsinmi Àjíǹde, a ó sì fi ọjọ́ méjì bára wa díje. Èyí tí mò ń sọ yìí bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kabong. Ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ràn ìpàdé yẹn ju Kérésì lọ. Àwọn èèyàn á wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kaduna àti Zaria, wọ́n á gbé ọpọ́n wọn lé itan láti ibẹ̀ títí dé Jos. Tábìlì díráàfù wà, tábìlì lúdò wà, àwọn tó ń ta káàdì wọ́ọ̀tì wà nítòsí ilẹ̀kùn, àwọn onísìkírábù tó ń to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní iwájú pátápátá, wọ́n fa ojú ro bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ọkùnrin kan láti Bukuru tilẹ̀ kó yanrìn sínú àpótí pẹlẹbẹ kan kí àwọn onídara lè rí ibi gbẹ́ ihò sí. Òtútù máa ń mú, nítorí òjò àkọ́rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, àwọn obìnrin kan á sì máa din pòtétò lẹ́yìn gbọ̀ngàn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Àwọn tí kò mọra rí á máa kí ara wọn bí ọ̀rẹ́ àtijọ́. "Sannu! Ṣé o gbé pátákó rẹ wá?" Àwọn tó jẹ́ pé ilé wọn ni wọ́n ti ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbórí sókè. Ọkọ mi kì í ta nǹkan kan. Ẹrù oúnjẹ ló máa ń gbé tẹ̀ lé wa.

Alága ìpàdé jẹ́ tíṣà ìṣirò, ọmọ ilẹ̀ Plateau, sìkírábù sì leré tirẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, ó dìde, ó sọ̀rọ̀ ní Hausa kó lè yé gbogbo wa.

"Ẹ̀yin aláyò, mo bẹ̀ yín. Lọ́dún tó kọjá, ariwo yín kò jẹ́ kí àwọn onísìkírábù rántí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara wọn. Lọ́dún yìí, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nídìí ayò ti pàdánù. Bí ará ilé rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, òun náà ti pàdánù."

"Haba!" ni bàbá ará Iléṣà ké. "Ṣé òkú la fẹ́ sin ni?"

"Bàbá, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ̀ bá ti máa lọ ilé báyìí."

Ni gbogbo àwọn onísìkírábù bá pàtẹ́wọ́. Inú bí mi. Kí ni wọ́n rò pé ayò jẹ́, ìsìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́?

Ẹ wá wo bí òfin yẹn ṣe gé àwọn èèyàn wa lulẹ̀. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan, ará Oǹdó, kó ọmọ ayò àkọ́kọ́, ó ní, "Ó yá o!" Rẹfirí nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Kò tíì ju ọmọ kan sínú ihò. Akọ̀wé kan tó jókòó tẹ̀ lé e gbọ́n, ó pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n ó ń fi imú kọrin. Rẹfirí ní kí ló ń ṣe yẹn. Ó dìde, ó ní orin imú kì í ṣe ọ̀rọ̀, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Rẹfirí ní, "Èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ńkọ́?" Akọ̀wé fi ọwọ́ di ẹnu, ó ti bọ́.

Èmi náà? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ẹni àkọ́kọ́ mi láìfọhùn, mo fi eyín há ètè mi mọ́lẹ̀ títí ó fi ń dùn mí. Ẹnì kejì mi jẹ́ ọkùnrin kan láti Zaria, oníṣòwò aṣọ, èèyàn jẹ́jẹ́. Mo ti ń jẹ ẹ́ lọ. Bó ṣe ku díẹ̀ kí n parí iṣẹ́, ó gbọ́wọ́ sí ibi tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní gbọ́wọ́ sí, ó ṣí gbogbo ilé rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Ọ̀pẹ ni ẹ́!" Ọ̀pẹ ni ẹni tí kò mọ ayò í ta. Rẹfirí nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Mo ní ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní òun gbọ́. Mo ní ṣé kò rí ohun tí ọkùnrin yìí ta ni? Ọkùnrin Zaria náà tilẹ̀ bá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní òótọ́ ni mo sọ, ọ̀pẹ lòun. Rẹfirí kọ̀. Mo dìde, gbogbo ara mi ń hó.

Ìbínú yẹn ni mo fi ń wá ibi tí màá jókòó sí tí mo fi rí ọmọ mi. Òun náà ti forúkọ sílẹ̀ fún ayò; tábìlì tirẹ̀ wà ní igun, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Rẹfirí tó wà níbẹ̀ ti ká apá sẹ́yìn, kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Òfin wo ló fẹ́ mú ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀? Ó ti jẹ ẹni kan, ó jẹ èkejì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó jẹ ọ̀gá àwọn Kaduna, ọkùnrin ńlá kan tó wọ bàtà dídán, ìyẹn sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo bojú wo àwọn ará bàráńdà wa. Gbogbo wọn ti bọ́, gbogbo wọn jókòó sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì, àfi bàbá ará Iléṣà nìkan. Obì ló gbà á là. Bó ṣe ń jẹ ọ̀kan tán ló ń ju òmíràn sẹ́nu, kò sì sí àyè fún ọ̀rọ̀.

Báyìí ló ṣe di pé ọmọ mi àti bàbá yẹn ló kù fún àṣekágbá lọ́jọ́ kejì.

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ ibi iṣẹ́, ó lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kó tó jókòó. Bàbá wò ó, ó mi orí, ó ń jẹ obì rẹ̀. Àwọn oníwọ́ọ̀tì ti kó káàdì wọn jọ, wọ́n wá dúró. Kódà àwọn onísìkírábù fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ láìtò tán, alága náà wà láàrin wọn. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ó fi abọ́ pòtétò lé itan.

"Tíṣà," ló sọ sí mi létí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, "bó o bá lanu, ìwọ lo pa á."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni?"

"O mọ̀ ọ́n lánàá náà."

Mo yí ojú sí ọpọ́n.

Ẹni tó bá jẹ lẹ́ẹ̀mejì ló gbà á. Bàbá jẹ èkíní, kíá. Ọmọ mi jẹ èkejì, ìyẹn pẹ́. Ẹ̀kẹta ló fẹ́ pa mí. Ọmọ mi ti kó ọmọ ayò jọ sínú ihò kan títí ó fi kún dẹ́nu. Odù nìyẹn, òun ló máa ń jà fún èèyàn níkẹyìn. Ní apá ti bàbá, mo rí ihò méjì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn, kò sí ohun tó bò wọ́n. Bí ọmọ mi bá tú odù yẹn ká báyìí, á jẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí i kedere. Mo ń retí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fo odù, ó lọ sí ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ gbà mí! Mo la ẹnu. Ohùn ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ọkọ mi ki pòtétò bọ̀ mí lẹ́nu, odindi kan, ó sì gbóná. Omijé bọ́ lójú mi. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé ọ̀rọ̀ ayò ló ń pa mí lẹ́kún, ó ń fi ọwọ́ ra mí lẹ́yìn, ó ní, "Sannu, sannu." Mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú.

Ọmọ mi ta ihò kékeré yẹn. Bàbá dẹ́kun obì jíjẹ. Ìgbà yẹn ni mo tó tún ọpọ́n wò dáadáa. Pàkúté ni ihò méjì yẹn. Ká ní ó tú odù sí i, àwọn ihò tirẹ̀ ni ì bá ṣí sílẹ̀, bàbá ì bá sì ti ìdí rẹ̀ gbá wọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ kígbe fún un gan-an ni bàbá ti ń retí láti àárọ̀. Èmi tí mo kọ́ ọ, mi ò rí i. Ó rí i.

Ó wá di pé bàbá ò ní ibi tó lè gbọ́wọ́ sí mọ́ láìṣí ilé ara rẹ̀. Ó ta ọ̀kan, ó ronú pẹ́, ó ta òmíràn. Ọmọ mi wá kó odù. Ó ń jù wọ́n sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára, kò fi ṣe fáàrí, gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ró lára igi: kó, kó, kó. Ó yí ọpọ́n ká, ó bọ́ sí apá ti bàbá, ó jẹ, ó jẹ, ó tún jẹ. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, kò sí ohun tó kù níwájú bàbá.

Rẹfirí gbé ọwọ́ ọmọ mi sókè. Àwọn ará Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àwa ará bàráńdà ò lè bá wọn pa á, nítorí bàbá kò dìde. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ìpàtẹ́wọ́ náà bá kú.

"Bú mi," bàbá wí.

"Bàbá, ẹ má bínú..."

"Mi ò ní kó o bẹ̀ mí. Mo ní kó o bú mi. Ṣé ayò ti parí ni?"

Ọkọ mi ti fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Òfin ti tán, ẹnu mi ti di tèmi. Mo sì ní èébú nínú, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kó wọn jọ de bàbá yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo bá rọra sọ sí ọmọ mi létí á tó. Ọrùn rẹ̀ ti ń làágùn, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ìrànlọ́wọ́ mi ì bá ṣe fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mo ń gbàdúrà.

Ọmọ mi gbójú sókè. Ó wo bàbá.

"Bàbá," ló wí, "Yorùbá pọ̀ lẹ́nu yín, wallahi. Ọmọ ayò ńkọ́?" Ó na ọwọ́ sí ihò bàbá tó ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Babu."

Kai! Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá gbọ́ "babu", ìyẹn ni pé kò sí rárá, ó rí ihò òfìfo, gbogbo rẹ̀ yé e. Alága tó ní ká má pariwo di ògiri mú, ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Tíṣà ará Oǹdó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, orí mi ti wú jù. Ká ní ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ kàn mí nígbà yẹn, màá bẹ́. Ọmọ mi ló sọ yẹn! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an, Hausa inú rẹ̀ kò sì bà á jẹ́, òun gan-an ló fi dùn.

Bàbá gbìyànjú láti fa ojú ro. Kò pẹ́ tí èjìká rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì, obì fò jáde lẹ́nu rẹ̀. "Babu! Ó ní babu! Ẹ gbọ́ ohun tó fi bú mi!" Ó dìde, ó dì mọ́ ọmọ mi lọ́rùn. "Ọ̀ta! Ọ̀ta ni ẹ́! Ọ̀ta pọ́nńbélé!" Ó ń pè é bẹ́ẹ̀, ó ń lu ú lẹ́yìn, ọmọ mi sì dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

Ọkùnrin Zaria tí mo pè ní ọ̀pẹ lánàá gba àárín èrò wá. Ó ní, "Ta ló ni ọmọkùnrin yìí?"

Mo ti la ẹnu. Bàbá ṣáájú mi. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ mi léjìká, ó ní, "Tiwa ni. Ọmọ wa ni. Èmi ni mo kọ́ ọ láyò."

Irọ́ gbuu! Irọ́ tó jìnnà sí òótọ́! Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá fa bàbá yẹn láṣọ ya níwájú gbogbo ará Zaria àti Kaduna. Ṣùgbọ́n mò ń wo ọmọ mi nígbà tí bàbá ní "ọmọ wa", mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́," mo sì jẹ́ kó gbà á bẹ́ẹ̀.